Bẹ́ ẹ ṣe máa wa katamaráànì ẹlẹ́ni méjì: láti orí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìlà ìdíje

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò yẹn sí sítátọ́ọ̀sì, èyí tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀yìn rọ̀ sórí omi l'Ékòó bí ẹni tó fẹ́ já bọ́, mi ò tíì sinmi. Wọ́n ń béèrè ní Tákìé, àwọn ọmọ LAUTECH ń béèrè, ìyá tó ń ta àmàlà láfún fún mi gan-an béèrè: "Ọkọ̀ wo nìyẹn tó nídìí méjì tí ò lẹ́ńjìnnì, ṣé ẹni tí ò gbé létí òkun lè mọ̀ ọ́n wà?" Katamaráànì là ń pè é, onítọ̀hún sì lè mọ̀ ọ́n wà o. Èmi náà, odò tí mo mọ̀ kí n tó lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ò ju èyí tá a ti ń pọnmi lọ. Mo wá kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n yéé sọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ di nǹkan kan mú. Okùn tó ń fa ìgbòkun ńlá, òun ni iná àti bíréèkì ọkọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ ti fún un níná. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ ti tẹ bíréèkì. Gbogbo ìgbà tí mo rí i tí ọkọ̀ dojú dé, tèmi àti tẹlòmíì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ló di okùn mú nígbà tó yẹ kó jù ú sílẹ̀.

Ọkọ̀ ìbejì ni, ẹ mọ Táyé, ẹ mọ Kẹ́yìndé

Ìdí ọkọ̀ méjì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi irin àlúmíníọ̀mù so wọ́n pọ̀, wọ́n wá ta àwọ̀n tó nípọn sáàárín, orí àwọ̀n yẹn lẹ̀yin méjèèjì máa jókòó. Òpó kan dúró gbọnin láàárín, ìgbòkun ńlá wà lẹ́yìn ẹ̀, ìgbòkun kékeré wà níwájú, ìdí kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́kọ̀ tiẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá kan sì so ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa yí papọ̀.

Èmi máa ń pe ìdí tó wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ní Táyé, torí òun ni wọ́n rán kó lọ tọ́ omi wò, òun ló ń gbé ẹrù. Èyí tó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni Kẹ́yìndé, ẹ̀gbọ́n tó jókòó sókè, tí atẹ́gùn bá le dáadáa Kẹ́yìndé á tiẹ̀ kúrò nínú omi pátápátá. Tẹ́ ẹ bá yíwọ́, tí atẹ́gùn bọ́ sápá kejì, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ẹ rántí orúkọ méjèèjì, mo máa lò ó dópin. Bákan náà, tí mo bá ní "òkè atẹ́gùn", ibi tó ti ń bọ̀ ni mò ń sọ, "ìsàlẹ̀ atẹ́gùn" sì ni ibi tó ń lọ.

Kí ló dé tó fi ń sáré? Ọkọ̀ onígbòkun ńlá onídìí kan sábà máa ń gbé òjé wúwo sábẹ́ kó má baà dojú dé, ìbejì ò gbé nǹkan kan. Fífẹ̀ ẹ̀ ló gbára lé, àti ara ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ jókòó sọ́dọ̀ Kẹ́yìndé. Hobie 16, tó jẹ́ èyí táyé mọ̀ jù, gùn ní mítà 5.05, ó fẹ̀ ní mítà 2.41, kílò 145 péré ló wọ̀n. Ìyẹn ò pé àpò símẹ́ńtì mẹ́ta! Ẹ wá so ìgbòkun tó tó nǹkan bí mítà 20 níbùú lóròó mọ́ nǹkan tí ò tó àpò símẹ́ńtì mẹ́ta, kí lẹ rò pó máa ṣẹlẹ̀?

Èwo ni kẹ́ ẹ mú

- Hobie 16: mo ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní pákó tó ń yọ sísàlẹ̀ omi, ìtọ́kọ̀ ẹ̀ máa ń ká sókè fúnra ẹ̀, ẹ lè wà á gun yanrìn tààrà. Ìdí ẹ̀ tẹ́jú lápá ìta, ó wú lápá inú, bí omi bá ṣe ń kọjá lára Táyé ló ń tì í sókè atẹ́gùn kọ́kọ̀ má baà máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti lé ní 100,000 tí wọ́n ti ṣe, torí náà spare parts wà. Àléébù ẹ̀ ni pé imú ẹ̀ fẹ́ràn àtiwọlé sómi.
- Dart 18: kò ní búùmù, ìyẹn ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ńlá, torí náà kò sóhun tó máa gbá yín lórí. Ó rọrùn láti tò.
- Formula 18: mítà 5.52, ó fẹ̀ ní 2.60, kílò 180, ó ní pákó abẹ́ omi, ó tún ní ìgbòkun kẹta tó dà bí agboòrùn fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sísàlẹ̀ atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta.
- Nacra 17: òun ni wọ́n ń lò ní Olympics láti Rio 2016, ọkùnrin kan obìnrin kan. Ó ní ìyẹ́ abẹ́ omi báyìí tó ń gbé ọkọ̀ kúrò lórí omi pátápátá. Ẹ máa wò ó lórí YouTube, ibẹ̀ ló dáa jù fún wa.
- Tornado: òun ló wà ní Olympics láti 1976 dé 2008. Mítà mẹ́fà lé díẹ̀ ni, ó sì fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Ẹ wá ronú bẹ́ ẹ ṣe máa wọ́ nǹkan yẹn gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn tírélà.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé wéẹ́dà ò lè bá wọn jó dúrọ́ọ̀mù pọ̀, kí wọ́n fi páìpù omi ṣe òpó. Ó máa léfòó, kò burú fún eré lórí omi tó dúró jẹ́ẹ́. Àmọ́ ẹ ò lè fi díje o, torí ìdíje irú ọkọ̀ kan náà túmọ̀ sí pé tiyín àti ti ẹni kejì ò gbọdọ̀ yàtọ̀, gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀. Páìpù omi yẹn wúwo jù náà, wúwo lókè òpó ló sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé kó má sì dìde mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ mú kọ́ìnì tàbí kọ́kọ́rọ́ dání, kẹ́ ẹ wá yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ẹ kan ìdí méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó bá dún kó-kó-kó, ó dáa. Tó bá dún bọ̀-bọ̀ bí àgbọn tó ti bàjẹ́, fáíbà ibẹ̀ ti tú kúrò lára fóòmù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, tó bá rọ̀ lórí níbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.
- Ẹ mi ìdí kọ̀ọ̀kan, ṣé omi ń dún nínú ẹ̀?
- Ẹ fi aṣọ nu wáyà òpó látòkè délẹ̀. Tó bá gbé aṣọ, ó ti ń já fọ́nrán fọ́nrán.
- Àwọ̀n: oòrùn máa ń pa okùn ìránṣọ ẹ̀. Ẹ fi èékánná fà á.
- Ìtọ́kọ̀: tó bá ń mì lọ mì bọ̀ bíi eyín ọmọdé, owó míì nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ lè kọ́ nílé, láì rí òkun

Ibí làwọn èèyàn ti máa ń fò kọjá, ibí gan-an sì ni ọmọ Ajílété ti lè gbọ́n ju ọmọ Èkó lọ.

1. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kò sí àròyé kankan níbẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ò rọ́pò ẹ̀, méjèèjì ni kẹ́ ẹ ní.
2. Ẹ wá ẹnì kejì. Fún Hobie 16, ẹ̀yin méjèèjì kẹ́ ẹ jọ wọ̀n tó kílò 130 sí 150. Nínú ìdíje irú ọkọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá kéré sí kílò 129 wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé ẹrù kún un. Ẹ má mú ẹni tó máa ń bínú tí wọ́n bá pàṣẹ fún un, èmi ti ṣe é rí, òpópónà omi gùn.
3. Kókó okùn méjì tó o: èyí tó rí bíi nọ́ńbà 8, fún ìparí okùn kó má baà yọ jáde, àti kókó olóòka (bowline) tí kì í fún mọ́ra bó ti wù kí nǹkan fà á tó, tó sì máa ń tú wẹ́rẹ́. Ẹni tó ti so màlúù mọ́lẹ̀ rí máa mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa so ó lójú dídì.
4. Ẹ fa ìlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lágbàlá, mítà márùn-ún gígùn, méjì àtààbọ̀ fífẹ̀. Ẹ fi àga sí àárín kó jẹ́ òpó, kẹ́ ẹ ta okùn kan kọjá ní gíga ìbàdí kó jẹ́ búùmù. Ẹ wá máa kọjá láti apá kan sí ìkejì lórí eékún, kẹ́ ẹ má kàn án. Lógún ìgbà. Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín yín, ẹ jẹ́ wọ́n rẹ́rìn-ín.
5. Ìdérí ìgò mẹ́fà lórí tábìlì, fáànù ni atẹ́gùn. Ẹ máa fi wọ́n ṣe òfin ìdíje tí mo kọ sísàlẹ̀. Lóòótọ́, bí mo ṣe mọ òfin nìyẹn, kì í ṣe nínú ìwé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré: ÒPÓ YẸN, ÀLÚMÍNÍỌ̀MÙ NI, Ó LÉ NÍ MÍTÀ MẸ́JỌ. Ẹ̀yin náà mọ bí wáyà iná ṣe ń rọ̀ dirodiro lórí àdúgbò wa. Tí òpó bá kàn án, ọ̀rọ̀ tán. Èèyàn ti kú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, débi pé Hobie sọ orí òpó di nǹkan tí kì í gbé iná, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ irin, òpó àtijọ́ sì jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ẹ wòkè kẹ́ ẹ tó gbé e dìde, ẹ wòkè kẹ́ ẹ tó wọ́ ọkọ̀ kúrò lójú kan sí òmíràn, ẹ tún wo bóyá wáyà ré odò kọjá níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wà á.

1. Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí òkè atẹ́gùn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, imú ẹ̀ òkè atẹ́gùn ni.
2. Ẹ tẹ́ òpó sórí ọkọ̀, kí orí ẹ̀ kọ sẹ́yìn, ẹ fi píìnì di ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ihò ẹ̀.
3. Ẹ so wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ìdí ọkọ̀. Píìnì kọ̀ọ̀kan ní òrùka wáyà kékeré tó ń dì í. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn. Òrùka tí ò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ yẹn ló ń di gbogbo òpó mú.
4. Ẹnì kan dúró lórí àwọ̀n kó gbé òpó sókè lórí èjìká, ẹnì kejì wà níwájú kó máa fa okùn. Tó bá ti dúró, ẹni iwájú ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi so wáyà iwájú.
5. Ẹ ki àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ bọ inú àpò wọn lára ìgbòkun ńlá. Tẹ́ ẹ bá dè wọ́n le jù, ìgbòkun á ṣe ikùn ńlá, ó dáa fún atẹ́gùn kékeré. Atẹ́gùn ńlá, ẹ dẹ̀ wọ́n díẹ̀.
6. Ẹnì kan máa fi etí ìgbòkun sínú ihò gígùn ara òpó, ẹnì kejì máa fà á gòkè. Ti Hobie 16 máa ń kọ́ mọ́ ìkọ́ lókè pátápátá, tí ò bá tíì kọ́, ó máa já wálẹ̀ lójú omi. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ti kọ́.
7. Ìgbòkun iwájú, okùn ẹ̀, ìtọ́kọ̀ méjèèjì.
8. KỌ́KÌ. Ihò kékeré wà lẹ́yìn ìdí kọ̀ọ̀kan fún gbígbẹ omi dànù. Táyé ní tiẹ̀, Kẹ́yìndé ní tiẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo lọ sómi mo dí ti Táyé mo gbàgbé ti Kẹ́yìndé, a yíwọ́ báyìí ni Kẹ́yìndé di Táyé, ó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi bí ẹni jẹ ẹ̀wà oníyọ̀. Wọ́n wọ́ wa wálé ni o.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn gbé ìgbòkun ńlá sókè nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ sí atẹ́gùn. Ọkọ̀ á ṣubú sórí yanrìn kẹ́ ẹ tó débi omi.

Ó yá, ẹ wà á

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ọjọ́ tí atẹ́gùn bá jẹ́ 8 sí 12 knots, ìyẹn atẹ́gùn tó ń mi ẹ̀ka kékeré mángòrò tí ò mi igi ẹ̀.

Ẹni tó bá máa ń wa mọ́tò, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ máa dà yín lójú rú: ẹ tì í sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á yà sósì. Ẹ̀yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ara á ti mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ onígbòkun kankan ò lè lọ tààrà síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ẹ fi nǹkan bí digrí 45 sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sókè, ẹ máa ṣe bí ọlọ́kadà tó ń yẹ kòtò, ẹ lọ sápá yìí, ẹ yíwọ́, ẹ lọ sápá ọ̀hún.

*Yíyíwọ́ sókè atẹ́gùn.* Ibí lọkọ̀ onídìí méjì ti ń dójú ti èèyàn, torí ó gùn, ó fúyẹ́, kì í fẹ́ yí.

1. Ẹ sáré dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láìsí eré, ẹ má dán an wò.
2. Atukọ̀ sọ fún igbákejì, "Ó yá o!" Kó rọra ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sápá Táyé díẹ̀díẹ̀, kó má gbá a lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá gbá a, ìtọ́kọ̀ á dúró bíi pákó nínú omi, á pa eré.
3. Igbákejì má tíì tú ìgbòkun iwájú. Ẹ jẹ́ atẹ́gùn gbá a láti ẹ̀yìn kó ti imú ọkọ̀ kọjá.
4. Bí imú bá ti kọjá atẹ́gùn, ẹ tú okùn ńlá bí mítà kan. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í ṣe èyí rárá, tí ìgbòkun ńlá bá ṣì fún, á dà bí ìrù àkùkọ onírin tó wà lórí ilé, èyí tí atẹ́gùn máa ń yí, á tún yí imú ọkọ̀ padà sínú atẹ́gùn.
5. Ẹ kọjá lórí eékún, orí nílẹ̀. Igbákejì wá tú ìgbòkun iwájú kó fà á sápá tuntun.

Tẹ́ ẹ bá há, tí imú kọ sí atẹ́gùn tí ọkọ̀ ò lọ síwájú mọ́: ẹ tú gbogbo okùn, ẹ ti búùmù jáde sápá kan, ẹ ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sápá kan náà, ọkọ̀ á fẹ̀yìn rìn, imú á sì yà. Tó bá ti yà tó, ẹ tọ́ ìtọ́kọ̀, ẹ fa okùn. Ẹ má bínú síra yín, gbogbo èèyàn ló ń há.

*Lílọ sísàlẹ̀ atẹ́gùn.* Ẹ má lọ tààrà. Ọkọ̀ onídìí kan lè fi ìgbòkun gba atẹ́gùn lẹ́yìn kó máa lọ jẹ́jẹ́, àmọ́ ìbejì, eré tiẹ̀ ló ń bí atẹ́gùn míì fún un. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí atẹ́gùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ lára á fi máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà á gùn sí i, ẹ ó sì dé kánkán ju ẹni tó gba tààrà lọ. Tẹ́ ẹ bá ń yí níbẹ̀, ẹ di okùn búùmù mú lọ́wọ́ kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kọjá, ẹ má jẹ́ kó gbá kọjá fúnra ẹ̀.

*Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó.* Atẹ́gùn kékeré: ẹ sún síwájú, kí igbákejì tiẹ̀ lọ bá Táyé kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà máa wọ́ omi. Atẹ́gùn ńlá: ẹ lọ sọ́dọ̀ Kẹ́yìndé, igbákejì kọ́ bẹ́líìtì ẹ̀ mọ́ wáyà trapeze, èyí tó sọ̀ wálẹ̀ láti ara òpó, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ohun tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò nìyẹn. Tí imú Táyé bá fẹ́ wọlé sómi, ẹ sáré sẹ́yìn kẹ́ ẹ sì tú okùn. Ẹ MÁ DÚRÓ RONÚ. Tó bá wọlé tán, ọkọ̀ á dúró gbàgà, ìdí ẹ̀ á gbé sókè, ẹni tó wà lórí trapeze á fò yí òpó ká. Mo ti fò rí. Kò dùn rárá.

Tó bá dojú dé (ó máa dojú dé)

1. Ẹ pe ara yín lórúkọ. Ẹ rọ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi, ọkọ̀ rọrùn láti rí ju orí èèyàn lọ.
2. Ẹ tú okùn ìgbòkun méjèèjì. Tẹ́ ẹ ò bá tú wọn, ọkọ̀ tó bá dìde á sáré lọ tàbí kó tún wó.
3. Ẹnì kan rọ̀ mọ́ imú ọkọ̀ nínú omi, ara ẹ̀ á dà bí ìdákọ̀ró, imú á rọra yí sókè atẹ́gùn.
4. Ẹ ju okùn ìgbédìde kọjá lórí ìdí tó wà lókè, ẹ dúró lórí ìdí ìsàlẹ̀, ẹ fẹ̀yìn rọ̀. Ẹ fẹ̀yìn rọ̀ kẹ́ ẹ sì dúró, ẹ má máa fà á tì-tì, atẹ́gùn á wọ abẹ́ ìgbòkun díẹ̀díẹ̀ á bá yín gbé e.
5. Bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ ṣọ́ orí yín lọ́wọ́ ìdí òkè, kẹ́ ẹ dì mọ́ irin ìdábùú iwájú kó má baà wó sápá kejì.

Tẹ́ ẹ bá fúyẹ́ jù, ó lè máà dìde. Ẹ jókòó lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ ju ọwọ́ sókè fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ má lọ níbi tí kò ti sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì.

Ìkìlọ̀ tiwa níbí: láti nǹkan bíi March dé May, ìjì àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, ó máa ń yára ju bẹ́ ẹ ṣe rò. Tí ìlà oòrùn bá ti ń dúdú tí atẹ́gùn sì dá wáí, ẹ kúrò lómi nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn "ìyípo kan sí i".

Ìdíje

Wọ́n máa ń gbé bọ́ì, ìyẹn àmì tó ń léfòó, sójú omi, ọ̀kan lókè atẹ́gùn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ ó máa yí wọn ká. Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ wà láàárín ọkọ̀ àwọn adájọ́ àti bọ́ì kan. Ọkọ̀ ò lè dúró lójú kan kó máa retí fèrè, torí náà wọ́n ń ka ìṣẹ́jú:

- Ó ku 5: àsíá irú ọkọ̀ yín gòkè, ariwo kan.
- Ó ku 4: àsíá ìmúrasílẹ̀ gòkè, ó sábà máa ń jẹ́ búlúù tó ní funfun láàárín.
- Ó ku 1: ìyẹn sọ̀ kalẹ̀, ariwo gígùn kan.
- Odo: àsíá ọkọ̀ yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbéra!

Àsíá lẹ máa wò o, etí lè tàn yín. Tẹ́ ẹ bá ti ré ìlà kọjá ṣáájú, wọ́n á gbé àsíá funfun tó ní àgbélébùú búlúù, ẹ padà lẹ́yìn ìlà kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Àṣìṣe àwọn tó ti wa ọkọ̀ onídìí kan rí ni pé wọ́n á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ìbejì ò lè ti ojú kan fò. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ atẹ́gùn yín, bíi fífẹ̀ ọkọ̀ méjì mẹ́ta, tó bá wá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ yà sínú àyè yẹn kẹ́ ẹ fún un níná.

Òfin tẹ́ ẹ máa fi ìdérí ìgò ṣe:

1. Ẹni tí atẹ́gùn ń bá láti ọwọ́ ọ̀tún ló lọ̀nà. Ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ òsì ló máa yẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo òfin tó kù, ẹ má gbàgbé èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo "Starboard!" lójú omi.
2. Tí atẹ́gùn bá ń bá ẹ̀yin méjèèjì lápá kan náà, ẹni òkè atẹ́gùn máa yẹ̀ fún ẹni ìsàlẹ̀.
3. Ẹni ẹ̀yìn máa yẹ̀ fún ẹni iwájú.
4. Ẹni tó ń yíwọ́ lọ́wọ́ kò lọ́nà kankan títí á fi parí ẹ̀.
5. Tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ bọ́ì tó gígùn ọkọ̀ mẹ́ta, ẹni tó wà nínú, lápá bọ́ì, ẹ fún un láyè tí ẹ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín nígbà tẹ́ ẹ dé ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀, ẹ yípo lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fara kan bọ́ì, ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn ò lè máa jiyàn lójú omi bíi ní gáréèjì, ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn á ṣe é lẹ́yìn ìdíje.

Ẹni kìíní gba ojú àmì 1, ẹni kejì 2, ẹni tó bá ní èyí tó kéré jù ló gbégbá orókè. Tí irú ọkọ̀ bá yàtọ̀ síra, wọ́n á fi ìṣirò bíi SCHRS tún àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, torí náà ẹ lè dé kẹ́yìn kẹ́ ẹ sì borí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan a ò tiẹ̀ mọ̀, a ti ń di ẹrù wa.

Ìmọ̀ràn kan péré: ẹ má yíwọ́ nígbà gbogbo. Yíyíwọ́ kan ń jẹ yín ní ọ̀nà tó pọ̀. Ẹni tó yíwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sábà máa ń na ẹni tó yíwọ́ lẹ́ẹ̀meje. Ẹ má sì máa fi imú ọkọ̀ há mọ́ atẹ́gùn kẹ́ ẹ lè ga ju ẹlòmíì lọ, eré ni kẹ́ ẹ wá.

Níbo lẹ ti máa wà á

Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ béèrè, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wá igbákejì tó fúyẹ́ tó sì ń gbọ́ràn, ẹ ò nílò láti ra ọkọ̀ kankan. Ọ̀sán lẹ máa lọ, ìgbà yẹn ni atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ wọlé láti ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn.

Nítòsí wa, adágún Ikere Gorge lọ́nà Ìséyìn tóbi tó. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀, torí àwọ̀n wọn lábẹ́ omi á gbá ìtọ́kọ̀ yín mú. Ẹ ṣọ́ra fún igi tó bá kú sábẹ́ adágún, ó lè lu ìdí ọkọ̀. Dáàmù Ọ̀bà ńkọ́? Omi tá à ń mu ni, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ gbogbo ẹ̀, pàápàá wáyà àti bọ́lọ́ọ̀kì tí okùn ń gbà. Ẹ yọ kọ́kì méjèèjì, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, kẹ́ ẹ fi ife wọn omi tó bá jáde lára Táyé àti lára Kẹ́yìndé. Ife kan, kò sí wàhálà. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ibì kan ń jò. Ẹ ṣe bí fọganáìsà ṣe ń wá ihò tayà: ẹ fi ọṣẹ olóòfóò pa gbogbo ojú ìsopọ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba ihò kọ́kì, ibi tó bá ń hó ni kẹ́ ẹ fi maaka sàmì sí. Ẹnu ni mo wí o. Ẹnì kan tí mo mọ̀ gbé ẹ̀rọ fọganáìsà gan-an dé ibẹ̀, ó fún un níná, ìdí ọkọ̀ là sí méjì bí ẹ̀pà.